Òkúta Tí Wọ́n Fi Ọṣẹ Fọ̀

Àdúgbò Basin, Ọjọ́bọ̀, 1992

Ó ń rí mi lára! Nítorí pé àlejò ń bọ̀, ọ̀gá wa ní kí wọ́n fọ àwọn òkúta tí mo kó wá láti Pátégí, kí wọ́n tò wọ́n ní àwọ̀-àwọ̀. Pupa sọ́tọ̀, funfun sọ́tọ̀.

Nọ́ńbà tí mo kọ sí wọn lára ti bómi ọṣẹ lọ. Òun ni mo fi ń mọ èyí tó wà nísàlẹ̀ nínú ilẹ̀ àtèyí tó wà lókè, kí n tó lè sọ ìgbà tí òkun àtijọ́ kún débẹ̀ àti ìgbà tó fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta!

Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i bó ṣe mọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ó mọ́, sà. Ẹ ṣeun, sà."

Ẹnu mi yìí gan-an ló ń rí mi lára jù.