Ẹyẹ Mẹ́ta Tí Bàbá Àgbà Rí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ. Kí ìjókòó rẹ má gbóná mọ́ ọ nídìí. Ara wa le. Ìkíni parí, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohun tó bàjẹ́ nìyí: ọ̀gá rẹ ní òun á da iye ẹyẹ lékeléke tí àwa olùyọ̀ǹda ara ẹni ń bá yín kà nù, òun á sì gba iṣẹ́ ìwádìí náà lọ́wọ́ rẹ, torí gbogbo ilé ló ń kọ mẹ́ta lójoojúmọ́. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe mẹ́ta, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa mọ̀, àbúrò bàbá rẹ mọ̀, àwọn lékeléke pàápàá mọ̀. Bàbá Àgbà nìkan ni kò mọ̀.

O ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ka ẹyẹ orí pápá lọ́tọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé mo kọ́ ìmọ̀ òwò, n kì í fi nǹkan falẹ̀, ni mo bá kó gbogbo wa jọ, mo ní kí Bàbá Àgbà kọ́kọ́ sọ tiwọn. Wọ́n fi ojú wọn tó ń ṣe bàìbàì wo ìta lójú fèrèsé, wọ́n ní mẹ́ta. Télọ̀ ti ka ogójì. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ pe àgbà ní òpùrọ́ ni, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó kọ mẹ́ta. Àbúrò bàbá rẹ ka mọ́kàndínlógún, ó ní bóyá ojú ló ń ṣe òun, òun náà kọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, tí ẹyẹ kan ò fò, mẹ́ta la kọ.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ kò tiẹ̀ ní ẹ̀kọ́. A kọ iye sí i tán, ó ń bi wá pé ṣé ó dá wa lójú! Àgbàlagbà ló sọ̀rọ̀, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọ̀gá rẹ náà ní iye tó bára mu báyìí ń fu òun lára. Níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, bí ìṣirò bá bára mu, àtẹ́wọ́ là ń pa.

Ṣùgbọ́n n ò ní jókòó kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi nítorí ẹyẹ. Mo ti ní kí oníkálùkù padà máa ka tirẹ̀. Télọ̀ ní òun ti ṣe tán, bí ẹnìkan bá ti lè sọ fún Bàbá Àgbà pé ẹyẹ ju mẹ́ta lọ. Àbúrò bàbá rẹ ní òun náà ṣe tán, bí ẹni náà kò bá ti jẹ́ òun. Ẹnu èmi ìyàwó ilé ò sì gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ọmọ-ọmọ tí wọ́n ń kẹ́ ló kù.

Ọlọ́run á fi oyin sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ra awò ojú tó dára fún wọn, wọ mọ́tò, kí o wá fúnra rẹ bá wọn sọ ọ́. Àárọ̀ Sátidé ni ọ̀gá rẹ ń retí iye tuntun. Bí n kò bá rí ọ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, mẹ́ta la máa kọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alága Ètò Ẹyẹ Kíkà