Títí Iná Orí Á Fi Tán

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Wọ́n tún dá Kékeré padà láti iléèwé. Iná orí. Ìgbà kẹta nìyí láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ pè mí síbi iṣẹ́, ohùn rẹ̀ ń jáde látinú fóònù bíi ti rédíò. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí a fi ọmọ sílé títí sáà yìí á fi parí. Àwọn tí a jọ ń ká aṣọ ń gbọ́. Ojú tì mí débi pé tọ́wẹ́ẹ̀lì kan náà ni mò ń ká tí mò ń tú.

Èmi! Èmi tí mò ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, tí mo mọ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ti wáìnì láti òkèèrè. Ilé tèmi ni iná orí wá fi ṣe ibùgbé.

Mo fi Kékeré sáàárín ẹsẹ̀ mi. Òòyà eléyín wẹ́wẹ́, oògùn olóòórùn burúkú, tọ́wẹ́ẹ̀lì funfun léjìká. Ọmọ ọkọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀ ti kú kí n tó dé. Kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá màá tú irun tí Màmá, ìyá ìyá òun, kó fún òun. Mo ní mo ti ń tú u.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé mo rò ó fún un. Ó ní, "Ó dáa." Òrùlé ń jò, ó dáa. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́, ó dáa. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí nìyẹn: Ó-Dáa.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Mo se gbogbo nǹkan. Àpò ìrọ̀rí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, fìlà òtútù, bèbí aláṣọ tó ń gbé sùn. Èyí tí kò ṣeé sè, mo kó o sínú ọ̀rá, mo so ó pa. Apá ń ro mí. Ó-Dáa bá mi fún aṣọ.

Kékeré ò lè dá sùn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Láti oṣù mẹ́wàá tí mo ti wọ ilé yìí, èmi ni mò ń dùbúlẹ̀ tì í títí oorun á fi gbé e lọ. Orí wa lórí ìrọ̀rí kan. Kò pè mí ní Mọ́mì rí — "Àǹtí" ni — ṣùgbọ́n ó máa ń di etí mi mú bí oorun bá ti ń kùn ún. Ìyẹn tó mi. Irọ́, kò tó mi. Ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Orí ń yún èmi náà. Ìrònú ni. Ẹni tó ń ronú iná tọ̀sán-tòru, kí ni kò ní yún un? Ooru ibi iṣẹ́ náà tún wà ńbẹ̀, àti àwọn fìlà aláṣọ tí wọ́n fi dandan ní ká máa dé. Inú apẹ̀rẹ̀ kan ni gbogbo wọn wà, èyí tọ́wọ́ ẹni bá bà lèèyàn ń mú.

Ẹtì, 7 oṣù Kẹta

Mo ya irun rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò sí ìyá iná, kò sí ọmọ, kò sí ẹyin. Ó parí! Mo jó díẹ̀ ní kíṣìnì. Kékeré ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Kékeré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Òkè. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ nìyẹn, òun ló ń pè ní Màmá. Títì méjì ló wà láàárín wa, òkè pátápátá ilé alájà mẹ́ta ló ń gbé. Gbogbo Àbámẹ́ta ni Kékeré ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe irun. Ọwọ́ yẹn ló ń kó irun ìyá rẹ̀ títí tó fi lọ ilé ọkọ. Òun náà ló ń kó ti ọmọ.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, òwú dúdú lórí rẹ̀ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ ń dán. Màmá wí báyìí, Màmá ṣe báyìí, títí a fi jẹun tán. Bó bá ti ọ̀hún dé, ó máa ń pẹ́ kó tó rántí pé mo wà nílé. Mò ń jowú arúgbó. Kò sẹ́ni tó máa ka ìwé yìí, jẹ́ n sọ òótọ́.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Iná. Lẹ́yìn etí ọ̀tún. Ńlá. Ó ń rìn lọ bí onílé.

Ó lọ ní mímọ́, ó dé pẹ̀lú iná. Kí ni mo tún ń wá? Ìyá Òkè kì í ṣí síkáàfù lórí. Ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Mo sọ fún Ó-Dáa pé ọmọ ò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Òkè mọ́ títí iná á fi tán. Ó wo fọ́tò ìyá Kékeré tó wà lára ògiri, kò wò mí. Ó wá ní, "Ó dáa."

Mo ní kó pe Ìyá Òkè níṣojú mi. Ohùn màmá náà ò lọ sókè rárá. Ó ní òun ò ní iná lórí, ká wá wò ó. Ó ní bí wọ́n bá mú Àbámẹ́ta kúrò, kí ló kù fún òun nínú ọ̀sẹ̀? Ó-Dáa ní kí wọ́n má bínú. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Mi ò ṣe ibi kankan. Ọmọ ni mò ń tọ́jú.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Ó wọ bàtà rẹ̀ láàárọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ṣàlàyé fún un. Ó ní òun gbọ́. Kò bọ́ bàtà. Nígbà tó di ọ̀sán, ara mi ò gbà á mọ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo bọ́ ọ fúnra mi. Mo jókòó tì í, mo tú irun tí Màmá rẹ̀ kó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣa òwú tí mò ń tú sílẹ̀, ó ń kó o sí àpò.

Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Kò di etí mi mú.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta

Mo lọ ra oògùn míì, èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń ta oògùn bi mí bóyá gbogbo ará ilé ló ti lò ó. Mo ní ọkọ mi ò dá irun sí, ọmọ yìí nìkan ló kù. Ó tún fẹ́ bi mí ní nǹkan míì. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó ta ọjà fún mi, ibi iṣẹ́ ń dúró dè mí.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta



Ó-Dáa mú Kékeré lọ ra bàtà iléèwé. Èmi nìkan ló wà nílé. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá Òkè ni. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, títì méjì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ wọlé." Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, níbi tí àwọn aládùúgbò ń gbà kọjá, ló ti tú síkáàfù rẹ̀.

Ó ti fá orí. Kodoro. Ibi tí abẹ ti ge é lẹ́bàá etí ṣì pọ́n.

Ó tẹrí ba síwájú mi — síwájú èmi! — ó ní, "Wò ó dáadáa, ìyàwó. Fọwọ́ kàn án. Iná dà? Ṣé mo lè rí ọmọ ọmọ mi báyìí?"

Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ ṣe sùúrù, Màmá. Títí iná á fi tán."

Ó tún síkáàfù rẹ̀ wé. Ó mú ìdì òwú dúdú kan jáde nínú àpò, ó ní kí n fún Kékeré. Ó ní ẹni tó bá máa kó irun rẹ̀, kó má fà á jù, iwájú orí rẹ̀ máa ń dùn ún. Ó lọ. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ di ògiri mú lọ.

Mo ju òwú náà sókè kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì. Nígbà tí bàbá àtọmọ dé, mo ní kò sẹ́ni tó wá.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kẹta

Iléèwé pè. Iná. Kékeré á wà nílé títí sáà á fi parí. Tíṣà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù, Ìyá Òkè ò fọwọ́ kan ọmọ yìí. Mo mọ̀. Ta wá ni? Ọmọ tó jókòó tì í ní kíláàsì ni. Lọ́la mò ń lọ bá ìyá ọmọ yẹn nílé, a jọ máa mọ̀ ọ́n ni. Inú ń bí mi débi pé mo họ orí mi títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹta

Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń ya irun Kékeré. Ọwọ́ kan ń fa òòyà, ọwọ́ kejì ń họ orí mi. Látọjọ́ tí mo ti bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí" àti "rárá, Àǹtí" nìkan ni mò ń rí gbà. Ó ṣàdédé yíjú sí mi, ó ní:

"Àǹtí, ta ló máa ń bá yín wo orí tiyín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbà kì í níná lórí. Ó ṣì ń wò mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó kàn bi mí ni. Mo tú irun mi sílẹ̀, mo gbé òòyà fún un, mo jókòó sílẹ̀ níwájú àga, òun lórí àga.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fa òòyà, mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó na tọ́wẹ́ẹ̀lì funfun sí mi. Mo gbé! Ńlá, kékeré, wọ́n ń rìn lórí aṣọ. Ó ní ẹyin wà lẹ́yìn ọrùn mi, ó pọ̀, òmíràn ti gbẹ.

Apẹ̀rẹ̀ fìlà ibi iṣẹ́ yẹn. Láti ìgbà wo? Mò ń fọ orí ọmọ, mò ń se aṣọ, mò ń fa ojú ro, bílẹ̀ bá ti ṣú màá lọ gbé orí mi lé ìrọ̀rí rẹ̀. Èmi ni mò ń kó o ràn án. Èmi ni, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo sunkún níwájú ọmọ. Ó ń ya irun mi lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní tó bá ń dùn mí kí n sọ.

Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ó-Dáa. Orí tí Ìyá Òkè fá. Òwú tí mo fi pamọ́. Ó jókòó. Ó ní, "Kò dáa." Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

Orí Kékeré mọ́ lónìí, mo wò ó, bàbá rẹ̀ náà wò ó. Mo lo oògùn, mo wé orí mi pa, mo mú òwú dúdú dání. Kékeré ti sáré gun àtẹ̀gùn dé òkè kí n tó dé ìdajì.

Ìyá Òkè ṣílẹ̀kùn. Kò wé nǹkan kan sórí. Kékeré dúró gbagidi. Mi ò tíì sọ fún un.

"Màmá, ta ló fá orí yín?"

Màmá wò mí. Ó lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó ní, "Ooru ló mú mi, ìyá mi kékeré."

Mo lè dákẹ́. Ká sọ òótọ́, ó wù mí kí n dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, mo ní, "Kì í ṣe ooru, Kékeré. Èmi ni mo ní Màmá ló ní iná. Tìtorí kí wọ́n lè rí ọ ni wọ́n ṣe fá a. Wọ́n wá sílé, mo ní kò sẹ́ni tó wá. Orí tèmi ni iná wà."

Màmá gba òwú lọ́wọ́ mi. Kò bú mi. Kò ní kí n dìde. Àwọn méjèèjì wọlé, ilẹ̀kùn tì.

Mo jókòó síbẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn Kékeré láti inú ilé, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá mi sọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin kan gbé garawa kọjá, ó ní ṣé kò sí o. Mo ní kò sí.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kékeré nìkan ló jáde. Wọ́n ti kó irun rẹ̀, ó ń dán. Kò sún mọ́ mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ di etí ara rẹ̀ mú.

Ó ní, "Àǹtí, Màmá ní kí n máa gbé ọ̀dọ̀ àwọn títí iná á fi tán lórí yín."

Mo ní ó dáa.