Yẹtí Góòlù Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Fadikpe, Minna,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Arifah ọmọ mi,

Àsàláàmù àlàékúmù. Mo lérò pé ara rẹ le ní Èkó, àti pé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Àbúrò rẹ, Muneer, ń kí ọ.

Ó jíṣẹ́ tí o rán an. O ní obìnrin tó ra ṣéènì góòlù àtijọ́ tí bàbá yín olóògbé ṣe tún fẹ́ yẹtí tó bá a mu, kí ó lè pé. Nígbà tí o bọ́ ṣéènì yẹn lọ́rùn mi lọ́jọ́ Iléyá, o ní o fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ni. O kò sọ fún mi pé o fẹ́ tà á. Síbẹ̀, títà yẹn kọ́ ló dùn mí jù.

Muneer fi fídíò rẹ hàn mí lórí fóònù, níbi tí o ti ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀ nípa ṣéènì náà. Gẹ̀ẹ́sì ni o ń sọ, òun ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. O ní bàbá rẹ máa ń rìn káàkiri Minna, wọ́n ń wo àwòrán tí àwọn ọmọ ìta kan yà sára ògiri, pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọnà tí wọ́n ṣe sí góòlù. O ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ àwọn ọmọ náà. Mo ní kí Muneer tún un sọ. Ó tún un sọ.

Èmi ni ọmọ ìta yẹn, Arifah.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, ní Chanchaga. Mo máa ń fi èédú àti ọ̀dà tí àwọn akunlé bá fi sílẹ̀ ní ìdí garawa yàwòrán sára àwọn ògiri ojú ọ̀nà odò: ìgbì omi, àwọn obìnrin tó ru igi, táyà alùpùpù. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní mahaukaciya, wèrè obìnrin. Bàbá mi nà mí nítorí rẹ̀, wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ wèrè. Bàbá yín nìkan ló máa ń dúró wò ó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ mi, wọ́n ní, “Ummuhani, ògiri á wó. Jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ sínú góòlù.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mò ń yà, wọ́n ń rọ. Ìgbì odò Chanchaga ni ṣéènì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo yà á kí ó tó jọ ọ́. Nígbà tó parí, wọ́n fín orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀ àti sẹ́yìn yẹtí rẹ̀. Mo bi wọ́n pé tèmi ńkọ́. Wọ́n ní, “Haba, ta ni yóò ra góòlù tí ìyàwó ilé yà?” Mo dákẹ́, kí ilé lè tòrò. Mo dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, mo jẹ́ kí ẹ dàgbà láìmọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Mo ní kí Muneer gbé mi lọ sí Chanchaga. Ilé ìtajà sìmẹ́ǹtì ló wà níbi tí ògiri tó kẹ́yìn wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ mọ̀ pé ògiri kan wà níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo mú yẹtí náà lọ sí ọjà Kure, sọ́dọ̀ Junaid tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá yín. Mo ní kó yọ́ ọ. Ó bẹ̀ mí, ó ní, “Ìyá, ẹ ṣe sùúrù, kò sẹ́ni tó lè ṣe irú rẹ̀ mọ́.” Mo ní mo mọ̀. Mo dúró tì í títí ó fi di omi nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ góòlù, orúkọ bàbá yín àti ìlà ọwọ́ mi lọ pọ̀. Mo rò pé ọkàn mi yóò balẹ̀. Kò balẹ̀. Ńṣe ni mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù títí góòlù náà fi dì.

Nítorí náà, kò sí yẹtí mọ́. Muneer yóò mú góòlù tó dì náà wá fún ọ; ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi ṣe. Padà síwájú àwọn tí o bá sọ̀rọ̀, kí o sọ ẹni tó yàwòrán náà fún wọn. Títí di ìgbà náà, má wá bá mi ṣe Iléyá.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ. Kí Ó má jẹ́ kí ọmọ tí ìwọ náà yóò bí pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní ti ẹlòmíì.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ummuhani.

Àfikún: Má pè mí lórí fóònù láti bẹ̀ mí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Yorùbá bá le fún ọ, fi Hausa kọ ọ́. Yóò yé mi.