Àpáta Àdán Ti Di Tèmi

                                                            Boca Guamal,
                                                            Etí Odò Caura,
                                                            Ìpínlẹ̀ Bolívar,
                                                            Venezuela.
                                                            Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Karùn-ún, 1961.

Nereida, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Belkis,

Báwo ni gbogbo ilé? Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi, torí lẹ́tà rẹ ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, n kò sì fèsì. Jọ̀wọ́, kọ́kọ́ gba ìkíni mi ná kí o tó máa bá mi jà. Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti jáwọ́ nínú gbígbé garawa omi gun àtẹ̀gùn yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté nítorí orin tó máa ń kọ? Belkis ọmọ mi ńkọ́, tí mo gbé lọ́wọ́ níbi ìsàmì rẹ̀ tó tọ̀ sí mi láṣọ? Mo gbọ́ pé ó ti fẹ́ mọ̀wé ju olùkọ́ rẹ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, ọwọ́ mi ló wà nígbà tí omi ìsàmì kàn án lórí.

Ara tèmi le. Màmá Bonifacia, ìyá ọkọ mi, náà wà. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò gbà fún wọn mọ́, ẹnu wọn kò ní àrùn kankan.

O ní kí n kó ẹrù mi kí n máa bọ̀ ní Ciudad Bolívar, pé yàrá wà, pé ìbátan ọkọ rẹ ń wá ẹni tí yóò máa bá a po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì rẹ̀. O ní kí ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú tún ń ṣe ní etí odò. Nereida, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí pé bó ṣe rí lára èmi náà nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kà á. Mo ti ń di ẹrù. Ohun tó dá mi dúró ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Ìwọ náà mọ bí ibí ṣe ń rí bí oṣù kejì bá ti wọlé. Gbogbo tọkọtaya á kó sínú ọkọ̀, wọ́n á tù ú lọ sókè odò, sí àgọ́ inú igbó, wọ́n á máa ṣa èso sarapíà, tí kóró rẹ̀ ń ta sánsán nínú oúnjẹ, tó bá já bọ́ sílẹ̀. Ọkọ á ṣà á, á rù ú wá. Ìyàwó á jókòó ti òkúta, á máa fọ́ èèpo líle náà kó lè yọ kóró inú rẹ̀. Èmi àti Anselmo ni ọwọ́ wa máa ń yá jù nínú àgọ́. Má sọ pé mo ń fọ́nnu. O ti jókòó tì mí rí, o sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ń gbá a, kóró á sì jáde lódindi. Anselmo máa ń sọ pé òun rò pé ìyàwó lòun fẹ́, àṣé ọmọ owú ni òun gbé sílé.

Lọ́dún yìí wọ́n di ẹrù sínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo dúró létí omi pẹ̀lú òkúta mi lábẹ́ abíyá. Bàbá Telésforo, olórí àgọ́, ṣí fìlà, wọ́n ní, “Ludovina, ọmọ mi, o mọ ìṣe wa. Tọkọtaya ló ń lọ sí àgọ́. Ìwọ ní Àpáta Àdán.” Encarnación ìyàwó wọn, Ìyá Rosendo, ti jókòó sínú ọkọ̀, kò mọ̀ pé mò ń gbọ́, ó ní, “Kí la fẹ́ fi opó ṣe nínú igbó? Ṣé kó máa sunkún sórí kóró kó má lè gbẹ ni?” Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Mo padà sílé, mo ju òkúta sábẹ́ ibùsùn.

O rántí Àpáta Àdán, ibi tí wọn kì í jẹ́ ká ṣeré dé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Àdán á já èso sarapíà lórí igi, á gbé e lọ sábẹ́ àpáta tó yọ jáde bí òrùlé yẹn, á jẹ ẹran ara rẹ̀, á sì ju èèpo tòun ti kóró sílẹ̀, títí wọ́n á fi di òkìtì. Láti ayé àwọn baba ńlá wa tó sá kúrò lóko ẹrú wá tẹ̀dó síbí, opó ló ni òkìtì náà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kó má baà fọwọ́ ara rẹ̀ pe ikú wá bá ọkọ, ọkùnrin kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Èmi ò lọ. Mo sọ fún ara mi pé èmi Ludovina, tí kò sẹ́ni tó lè bá mi fọ́ sarapíà, èmi kọ́ ni wọ́n máa fún ní àjẹkù àdán bí alágbe. Ó kúkú sàn kí n wá máa po ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ rẹ.

Àmọ́ òjò ọdún yìí kò dúró de àsìkò rẹ̀. Ó rọ̀ lé èso lórí nílẹ̀, ó wọ inú àgọ́, kóró tí wọ́n sá sórí ẹní sì bu. Àwọn tó lọ sókè odò padà wálé pẹ̀lú sarapíà tó ń rùn bí aṣọ tútù tí a gbàgbé sínú àpótí. Àjọ̀dún Àgbélébùú sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ṣé kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Gbogbo ilẹ̀ yìí ló mọ bí a ṣe ń ro majarete, àgbàdo àti omi àgbọn àti súgà pupa, títí yóò fi dì. Sarapíà tó wà nínú tiwa ló ń mú kí ará La Ceiba wa ọkọ̀ sọdá odò wá bá wa ṣọdún, bí wọ́n tilẹ̀ ń wí pé orin ni àwọn wá kọ. Àwọn obìnrin wa pàdé lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú fi kanẹ́là, èèpo igi olóòórùn dídùn yẹn, ṣe é. Encarnación ní, “Kanẹ́là tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù? Kí ará La Ceiba jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n wá bi wá bóyá sarapíà wa náà ti kó lọ sí ìlú ńlá?” Èmi ṣe bí àdán, mo dorí kodò, mò ń wòṣe ẹyẹ.

Kò pẹ́ tí òun àti Bàbá Telésforo fi yà nílé wa. Bàbá kí wa títí, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja. Sùúrù Encarnación ló kọ́kọ́ tán.

“Ludovina, sarapíà Àpáta Àdán ńkọ́? Òjò ò lè dé abẹ́ ibẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Láti oṣù kejì?”

“Ẹkún ni mò ń sun, Ìyá Rosendo. Mi ò fẹ́ kó má lè gbẹ.”

Ó wo ilẹ̀. Bàbá wo ìyàwó wọn, ọ̀rọ̀ sì yé wọn. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n lọ kó o fúnra wọn. Encarnación di ọkọ rẹ̀ lápá mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí n fọwọ́ ara mi pa ọkọ mi? Ẹyọ kan péré ni mo ní.”

“Ẹyọ kan náà sì ti gbó,” ni Màmá Bonifacia wí láti inú yàrá.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo takú. Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá ní kí n wá jókòó. Wọn ò pariwo.

“Ìyàwó mi, mo gbọ́ pé àjẹkù àdán kò tó ọ jẹ.”

Mo ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

“Bó ṣe rí nìyẹn. Anselmo ò tíì rìn nígbà tí odò gbé bàbá rẹ̀ lọ. Mo pọ̀n ọ́n, mo gun àpáta yẹn, mo jókòó sáàárín ìgbẹ́ àdán, mo fọ́ sarapíà. Òun ni mo fi ń gba àgbàdo. Òun ni mo fi ra ṣòkòtò tó wọ̀ wá fẹ́ ọ. Ọkọ tí ò ń sunkún rẹ̀ yìí, ẹnu àdán ni mo ti gba oúnjẹ rẹ̀ títí tó fi di géńdé. Tó bá jẹ́ pé àánú ni, a jẹ́ pé àánú lo fi ṣe ọkọ.”

Gbogbo ọdún tí mo fi bá ọkùnrin náà gbé, kò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà kò sì béèrè. Ojú tì mí gan-an.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo yọ òkúta mi lábẹ́ ibùsùn. Màmá ní àwọn ń bọ̀, wọ́n sì fi ọ̀pá tẹ̀lé mi dé ẹsẹ̀ àpáta. A ò tíì rí òkìtì náà tí òórùn dídùn rẹ̀ fi pàdé wa lọ́nà. Ó ga tó orúnkún mi, torí ó ti pẹ́ tí Màmá ti gun ibẹ̀ kẹ́yìn, kò sì sí opó mìíràn lẹ́yìn àwa méjèèjì. Mo mi ẹyọ kan létí, kóró inú rẹ̀ ń dún, ó ti gbẹ. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ẹkún Anselmo tí kò jáde lójú mi dáadáa níbi ìsìnkú sì jáde níbẹ̀. Mò ń sunkún, àdán ń kùn lókè, kóró sì ń jáde lódindi. Màmá ké sí mi láti ìsàlẹ̀ pé, “Ṣé ò ń fọ́ ọ ni àbí ò ń bá a sọ̀rọ̀?” Mo ní, “Méjèèjì ni, Màmá.”

A rì í sínú ọtí ìrèké, a sá a sóòrùn, títí ohun funfun wínníwínní tó dà bí iyọ̀ fi yọ lára dúdú rẹ̀. Èyí tó dára nìyẹn, o mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Àgbélébùú, èmi ni mo di igi ìro-majarete mú. Encarnación wá ràn mí lọ́wọ́, ó fẹ́ rin kóró méjì sínú ìkòkò kan, ó ní kí La Ceiba lè gbóòórùn rẹ̀ láti òdìkejì. Mo gbá a lọ́wọ́. Mo ní, “Ìyá Rosendo, eléyìí kì í ṣe àgbàdo. Tó bá ti pọ̀, ó máa korò bí oògùn ibà, kí a má fún àlejò ní oúnjẹ tó máa ṣe wọ́n ní jàǹbá.” Mo sọ ìkòkò kúrò lórí iná, mo dúró kí ó dákẹ́ híhó, mo wá rin ẹyọ kan sí i lórí páànù olójú wẹ́wẹ́. Ariwo tó wà lágbàlá rọlẹ̀. O mọ òórùn yẹn, ó ń mú kí ènìyàn rántí ohun tí kò mọ̀ pé òun ti gbàgbé.

Àgbà tó ṣáájú àwọn ará La Ceiba jẹ tirẹ̀, ó fi ìka nu igbá. Ó ní, “Tiwa bu tán pátápátá. Ta ló ni èyí?” Mo rí i tí Bàbá Telésforo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní í dùn mí. Wọ́n ní, “Arábìnrin wa kan, tí... ọkọ rẹ̀...” Encarnación já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn.

“Opó wa ló ni ín. Ludovina, opó Anselmo. Ṣé ẹ ní irú rẹ̀ ní La Ceiba?”

“A ní opó,” ni bàbá náà wí.

“Ẹ ní opó. Mo ní ṣé ẹ ní irú èyí.”

Obìnrin tó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi opó ṣe nìyẹn o. Bàbá La Ceiba ṣí fìlà fún mi, ó bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ìyàwó wọn ní díẹ̀ mú lọ sílé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ fún un lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà, opó, tó ti ń gún mi bí ẹ̀gún láti ìgbà tí Anselmo ti kú, ó wọ̀ mí létí bí oyè lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn, Nereida. Mo yan láàárín àgbàlá bí ẹni tó ni ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Bàbá Telésforo wá sọ pé àwọn ti fikùn lukùn, pé bó bá di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, àyè mi wà nínú ọkọ̀, kí n wá máa fọ́ fún àgọ́. Àyè tí mo dúró dè létí omi nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sọ fún wọn pé mo ti ní ibi iṣẹ́ tèmi.

Mo fi kóró díẹ̀ rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Fi ọ̀kan sínú agolo súgà rẹ, kí o sì rin díẹ̀díẹ̀ sínú kòkó gbígbóná àti ìrẹsì oníwàrà fún Belkis. Ọ̀kan á bá ọ dé ọjọ́ tó jìnnà. Fún ìbátan ọkọ rẹ ní ìyókù fún àkàrà òyìnbó rẹ̀, kí o sì kìlọ̀ fún un kó má bu ú bí iyọ̀. Bó bá béèrè ibi tó ti wá, sọ fún un pé àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a bá nínú igbó yìí, tí wọ́n ń sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ló fi igi rẹ̀ han àwọn baba wa, àwa la sì wà nídìí rẹ̀ di òní.

Yàrá tí o tọ́jú fún mi, fi ẹlòmíràn sí i. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní í gbàgbé rẹ̀ láé. Àmọ́ má jẹ́ kí ọkàn rẹ máa dààmú mọ́ pé mò ń jẹ àánú níbí. Èmi ni mo ń fún wọn jẹ.

Màmá ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá ọkọ rẹ ṣì ń kọrin. Bá mi kí i, bá mi kí gbogbo ará ilé, kí o sì fẹnu ko Belkis lẹ́nu fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn,

Ludovina, opó Anselmo.