Ìwé Tó Ní Kí N Ka Ọmọ Mi

Idigny, ọjọ́ kejì ọjà

Àkànní mi, Raphaël ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé omi Kútọnú ń bá ọ lára mu? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí n fi ojú mi sunkún rẹ. Àgbàdo ti gbó, ẹ̀gẹ́ náà kò burú, ẹsẹ̀ bàbá yín tó wú ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Clément, katikíìsì ìjọ wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ní kó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, torí n kò mọ ohun tó lè kì bọ̀ ọ́.

A rí lẹ́tà rẹ. O ní ìwọ lo kọ́kọ́ mú kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ní Kútọnú bá èkejì rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀ nínú wáyà tẹlifóònù, inú wa dùn, bàbá yín tilẹ̀ pa adìẹ. Ṣùgbọ́n o tún ní bí ọ̀kan bá pe èkejì báyìí, èkejì á dáhùn lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ara wọn. Àkànní! Ṣé èmi kọ́ ni mo kìlọ̀ fún ọ pé bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóko lọ́sàn-án gangan, tí o kò rí ẹni tó ń pè, kí o pa ẹnu mọ́? Ìwọ wá ń kọ́ ẹ̀rọ pé kó máa jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Kí ni wọ́n sì ń sọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, n kò gbà pé ohun mìíràn ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Gaston, tí ìjọba Rẹfolúsíọ̀n fi ṣe olórí lórí wa, mú àwọn méjì wá láti Kútọnú pẹ̀lú ìwé. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ rán ọ lọ sókè òkun láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ ilẹ̀ wa mọ́ ti ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ilé léèrè. Wọ́n bèèrè orúkọ, mo sọ. Ni wọ́n bá ní ọmọ mélòó ni mo bí. Háà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn wá ní kí n fi ẹnu ara mi kà á, èmi tí ilẹ̀ ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi rí! Kí wọ́n lè lọ ki iye wọn bọnú ẹ̀rọ tó ń dá gbogbo ẹni tó bá pè é lóhùn! Mo bá ní n kò bímọ.

Gaston rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ gbogbo yín. Mo ní bó bá mọ̀ ọ́n, kí ló tún ń bi mí sí? Clément tó ń bá wọn kọ ọ́ rọra ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní ṣé inú rẹ̀ ni ẹ̀yin ọmọ mi ti jáde ni. Ó kọ ọ́ pé kò sí ọmọ, mo sì tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn dáadáa.

Clément ti wá ń sọ báyìí pé wọ́n lè ní irọ́ lo pa, pé ìwọ kì í ṣe ọmọ ẹnìkankan ní Idigny, kí ìrìn àjò náà sì bàjẹ́. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Kétu lọ sọ iye yín kí oṣù tó parí. N kò ní lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Àkànní. Bó bá bàjẹ́, bínú sí mi. Ọmọ tó ń bínú sí ìyá rẹ̀, ó wà láàyè.

Fi owó oògùn ẹsẹ̀ bàbá yín àti ti epo àtùpà rán Barnabé awakọ̀, má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára rẹ̀. Ọ̀nà á là fún ọ. Ẹni tó ń wá ọ kò ní rí ọ, àyàfi ẹni tó ń wá ọ fún rere.

Èmi ni,
obìnrin tí kò bímọ, ìyá rẹ.