Ìbọn Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Delmer

Delmer, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Bí o ṣe jí lónìí ni kí o máa jí lọ, kí Olúwa tó ń ṣọ́ àwa ará òkè máa ṣọ́ ọ ní Louisville níbẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń kọjá lára èèyàn láàárọ̀ tí kò ní kí i. Nadine tó ń pín lẹ́tà ló ń bá mi kọ èyí, ó ní òun ò lè pẹ́, torí náà mi ò ní yí ọ̀rọ̀ po.

Àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi. Adìẹ pupa ti kú. Pásítọ̀ tuntun ti dé, ọmọdé ni, inú fóònù ló ti ń ka Bíbélì, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé tí ẹnì kan bá lọ pè é láàárín Sáàmù, kò ní mọ ẹni tí òun máa dá lóhùn.

Carlene, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ti ròyìn ibi iṣẹ́ rẹ fún mi. Ó ní wọ́n rí ìbọn ọdẹ bàbá rẹ àgbà lẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀ rẹ níbi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí, ọ̀gá rẹ tó ń jẹ́ Pruitt sì ní kí o gbé e kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o gbé ara rẹ kúrò, ìwọ náà sì ní òfin wà lẹ́yìn rẹ. Mo pè wọ́n láti bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà. Obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n tẹ oókan. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn, ó tún ní kí n tẹ oókan, ó wá fi orin sí i fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Tí o bá rí i, sọ fún un pé ìwà rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ dáa.

Mo wá lọ bá Hobart, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní o jàre, pé ọkọ̀ rẹ bí ilé rẹ ni, ìbọn tí o bá sì tì mọ́ inú rẹ̀, ọ̀gá kankan ò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ lé ọ. Bó ṣe rí níbí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Nígbà tí bàbá rẹ wà nílé ìwé, tí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín bá ti dé, ìbọn wà nínú ọkọ̀ gbogbo wọn, olùkọ́ á tiẹ̀ jáde wá wo èyí tó dára jù. Lórí ìyẹn, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà.

Ṣùgbọ́n Carlene sọ ohun kejì. Ó ní Pruitt fi bàbá rẹ bú ọ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, pé bí ọ̀mùtí ṣe kú ni ọmọ rẹ̀ máa kú, ìwọ sì ní kó máa sọ ọ́ lọ, pé ọkọ̀ rẹ ò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní o rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nadine ní kí a má kọ ìyẹn. Mo ní, kọ ọ́, Nadine.

Ọ̀mùtí tó ń bú yẹn, èmi ni mo bí i. Mo ti sin ín. Mi ò ní sin ọmọ rẹ̀, mi ò sì ní máa lọ wò ó lẹ́wọ̀n.

Nígbà ayé rẹ̀, Orval bàbá rẹ àgbà máa ń bínú jù ọ́ lọ. Ọjọ́ tí àwọn ará ilé Combs sún ọgbà wọn wọ ilẹ̀ wa, ó fa irin ẹ̀yìn ìbọn yọ, èyí tí ìbọn ò lè yìn láìsí i, ó fi lé mi lọ́wọ́, mo sì rì í mọ́ inú agolo ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ló tó lọ bá wọn, ó sì bú wọn dé ìdí. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe nígbàkígbà tí inú bá ń bí i. Tó bá yá, á wá jókòó nílé ìdáná, á ní inú òun ti rọ̀. Màá wo ojú rẹ̀. Tí mo bá gbà á gbọ́, màá gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára irin. Tí mi ò bá gbà á gbọ́, màá ní kó jẹun.

Ọjọ́ Ìsinmi tó o wá, mo ti gbọ́ ohun tí Carlene sọ. O jẹ páì tán, o sùn sórí àga, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ sì wà lórí tábìlì. Ìbọn tí ìwọ àti Pruitt ń fà mọ́ra yín lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà, kò lè pa eṣinṣin.

Mi ò gba ìbọn rẹ. Orval ló fún ọ, jẹ́ kó wà nínú ọkọ̀ bí òfin ṣe wí, má ṣe gbé e kúrò nítorí Pruitt. Mo bi Hobart bóyá òfin sọ ohunkóhun nípa irin tó bá wà nínú ìyẹ̀fun. Ó ronú títí, ó ní kò sọ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Gáàsì tó ń mú ilé gbóná ti fẹ́ tán. Má gba inú báńkì tó wà nínú fóònù yẹn, mo ti yẹ tèmi wò, kò sí ihò tí owó lè gbà jáde. Ìyẹ̀fun náà ń tán lọ, torí mò ń ṣe búrẹ́dì lójoojúmọ́, irin náà sì ti ń yọrí. Àfi kí o ra ìyẹ̀fun, tàbí kí o wá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹnu rẹ le ju ọwọ́ rẹ lọ. Kí ó jẹ́ kí o pẹ́ ju bàbá rẹ lọ. Bí omi bá kán sórí bébà yìí, Nadine ni, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ tí inú rẹ bá rọ̀, má pè mí. Wá jókòó sórí àga Orval, kí n wo ojú rẹ.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ,
Opal