Oyin fún Àlejò Inú Yìnyín

Dùnsìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọlọ́run tó mú ọ dé yàrá ìwádìí ní Ìbàdàn kò ní jẹ́ kí ìgò fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ o. Àmín.

Ìdásẹn ìlú wa tòrò. Òjò ń rọ̀, iṣu ń ta, ewúrẹ́ Kúbúrá aládùúgbò wa sì ti jẹ aṣọ ìnura mi, àmọ́ mo dárí jì í nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kò jẹ́ ká sinmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orí ibùsùn ló ti gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì yíjú sí ògiri. Ó dùn mí gan-an.

Mo ti se omi ewé kíkorò tí o ní kí n fi ránṣẹ́. Mo rántí gbogbo àlàyé rẹ lórí fóònù, pé nǹkan kan wà lára gbogbo ènìyàn tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù, pé àṣejù rẹ̀ ló ń wú bàbá rẹ lórúnkún, pé àwọn òyìnbó ti kọ́ àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí láti máa ṣe irú ti ara ènìyàn, kòkòrò wá ń ṣe é, wọ́n sì kó o sínú ìgò kékeré, wọ́n fi yìnyín wé e, ó wọ bàálù dé ọ̀dọ̀ rẹ. O fẹ́ mọ̀ bóyá ewé wa lè mú un sinmi. O ní kí n má fi ohunkóhun sí i.

Mo fi oyin sí i. Má bínú. Ará ibòmíràn tí kò mọ ẹnì kankan n'Íbàdàn, tó ti ń jókòó sínú yìnyín láti òkè òkun, ṣé omi kíkorò la máa fi pàdé rẹ̀? Bó bá sì jẹ́ pé òun ló ń bínú sí orúnkún bàbá rẹ, ẹ̀bẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀ ẹ́. Mo tún fi ata díẹ̀ sí i nítorí òtútù.

Bàbá rẹ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Ó ní mo fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́. Ló bá fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé, ó já ewé mìíràn fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì mí kí n má bàa fi nǹkan kan sí i. Ìyẹn ló wà nínú ìgò onídèérí pupa. Ti oyin ni onídèérí funfun, fi kí àlejò náà kí o tó gbé iṣẹ́ fún un.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, oyin mi ti tán, aṣọ ìnura kò sì sí mọ́. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn gba káàdì lọ́wọ́ mi, kò kí mi, kò sì dá a padà.

Ọlọ́run yóò fi àṣeyọrí dé ọ ládé. Ṣùgbọ́n Dùnsìn, àwọn kòkòrò tó ṣe iṣẹ́ yìí ńkọ́, ṣé ẹnì kan ti kí wọn kú iṣẹ́? Bá mi kí wọn. Kí o sì kọ orúkọ wọn ránṣẹ́, nítorí lọ́jọ́ tí bàbá rẹ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo fẹ́ kí àlùfáà ka orúkọ wọn pẹ̀lú tiwa nínú ìdúpẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olúfúnmilọ́lá